Wàrà Kì Í Fẹ́ Wàràwàrà

Oyún mi wọ oṣù karùn-ún,
wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí jẹ lójú oorun.
Kì í ṣe díndín, tó pọ́n, tó le bí èèpo igi.
Tútù ni mo fẹ́,
funfun láúláú, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀
nínú igbá Díìjé
tó ń ti gàá wá jókòó
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-kéwú ní Òkèlele
kí oòrùn tó mú.

Mo nawọ́ owó sí i.
Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi,
ó fi ọmọrí dé igbá.
"N ò tà á fún ọ."
Mo ní, ṣé ó ti kan ni?
Ó ní kò tíì kan.
Àná ni òun fún un lára màlúù,
ewé bọmubọmu ló mú un dì,
iná sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan.
Ṣùgbọ́n láti gàá dé ibí, oòrùn ti bá a ṣeré,
eṣinṣin ti kí i,
ọwọ́ mẹ́rin ti tẹ̀ ẹ́ wò
kí wọ́n tó ní ó wọ́n jù,
"ọwọ́ tí n kò mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Èébú ti dé orí ahọ́n mi.
Ó yí ojú sí gọ́tà, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ọmọ kan wà tí à bá pè ní Sámbò.
Mo mu wàrà olómi lábẹ́ màlúù báyìí, kò rí iná.
Ibà ọjọ́ méjì ló ṣe mí, ibà kékeré,
mo ń fọ igbá, mo ń tajà.
Ọjọ́ kẹwàá, inú mi dákẹ́.
Dókítà ní kì í ṣe ayé, kì í ṣe orogún.
Nǹkan kan ni, ojú kì í rí i,
firíìjì kì í pa á,
iná nìkan ló mọ̀ ní ọ̀gá."

Ìgbà tó yá ló tó bu mẹ́ta fún mi,
ó ní kí n ṣèlérí kí n tó gbé e:
Kó hó. Kó tún hó.

Nílé, ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín.
"Wàrà tútù ni mo jẹ bí ọmọ méje!"
Ó na ìka láti kà wọ́n fún mi,
Ṣéhù, Àfúsátù, Yẹkínì...
ìka rẹ̀ dé méje, kò dúró,
ó kan mẹ́sàn-án,
ó wá ká ọwọ́ sínú ìborùn.
Ó sún mọ́ ààrò,
ó bá mi koná.

Wàrà kì í fẹ́ wàràwàrà.
Omi hó, mo dúró.
Ata, àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀,
òórùn rẹ̀ ń pè mí lórúkọ, mo dúró.
Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Ti aboyún ju bẹ́ẹ̀ lọ:
ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀fun mi
tí kò lè tọ́ ọ wò kó tu ú dànù.

Ọkọ mi náà ti ń jẹ níbẹ̀.
Súyà tó rà bọ̀ lálẹ́ láti Ìpàtà,
tó fi bébà wé tìfẹ́tìfẹ́,
mo dà á sínú páànù, mo tún un yan
títí pupa inú rẹ̀ fi tán.
Kábéèjì orí rẹ̀, adìẹ ló jẹ ẹ́.
Sàlmánù ní mo ti sọ súyà di bàtà.
Mo ní kó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo gba iwájú Díìjé.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ ọjà.
Ó ṣí igbá, ó tún un dé,
ó fi ìka méjì hàn mí: oṣù méjì ló kù.
Ọmọ inú mi sì sọ kúlú, lójú gbogbo ayé,
níbi tí ìborùn ti yẹ̀.
Díìjé rí i.
Ó da omi kẹ́ẹ̀gì sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì,
ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n dé abẹ́ èékánná,
kó tó fi kàn mí.